Yaba Tech lọ́wọ́, Unilag lọ́kàn: kí ni kí ọmọ mi ṣe?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin gba B3 nínú ìṣirò WAEC. Yaba Tech ti fún un láyè láti kọ́ Statistics, Unilag ló sì wù ú. Àwọn ẹbí ní poli ò níyì, kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé kó gba ti Yaba Tech? — Ìyá kan ní Mushin.

Ìdáhùn: Mà, ọ̀rọ̀ iyì yẹn kì í ṣe irọ́. Níbi iṣẹ́ ìjọba, ó ti pẹ́ tí oní-HND (ìwé ẹ̀rí gíga ti poli) ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Level 07, tí oní-dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní Level 08. Oní-HND tó bá fẹ́ ṣe Master's, PGD, ìwé ẹ̀rí kan tó wà láàárín, ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ ṣe.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Bó bá dúró lọ́dún 1, tó wá lo ọdún 4 ní Unilag, ọdún 5 nìyẹn. ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti poli, jẹ́ ọdún 2. Bí èsì rẹ̀ bá dáa, tó sì gba Direct Entry wọ 200 level, ó ku ọdún 3: ọdún 5 náà ni, ìwé ẹ̀rí kan á sì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gba ND fún gbogbo kọ́ọ̀sì o, ẹ yẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB wò kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ohun tó ń kó mi láyà sókè jù ni bóyá ìṣirò yé e. Nínú ìṣirò JAMB, ìbéèrè 40 ló wà, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tó kàn ń méfò á rí nǹkan bíi 10, kò sì sẹ́ni tó rí bó ṣe ṣe é. Ẹ fún un ní bébà lálẹ́ òní, láìsí ẹ̀rọ ìṣirò: 1/2 + 1/3, àti (a + b)². Kó kọ gbogbo ìgbésẹ̀, kó fẹnu ṣàlàyé ẹ̀ fún yín.

Bó bá kọ 2/5, òkè ló rò mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ bi í: ìdajì kóńgò gàrí, tá a tún bu gàrí kún un, ṣé ó lè wá kéré sí ìdajì? 5/6 ni ìdáhùn. Bó bá kọ a² + b², ẹ ní kó fi 2 àti 3 sí i: 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, àmọ́ 4 àti 9 jẹ́ 13 péré. 12 tó sọnù ni 2ab. Ẹni tí èyí ò bá yé, variance (ìwọ̀n bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká sí) á dà á láàmú ní Statistics, torí orí irú àkámọ́ bẹ́ẹ̀ ló dúró lé.

Bí kò bá rí ìbéèrè méjèèjì yìí yanjú, kó padà sídìí ìwé JSS fún oṣù méjì, ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́, kó fi past question sílẹ̀ ná. Tó bá yanjú wọn, kó lọ sí Yaba Tech. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè ní kó dúró ni tí kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ní yunifásítì ò bá gba ND rárá.