Ìtàn tí màmá ń sọ ní Iléṣà, ta ló yẹ kó gbọ́ ọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Kánádà la wà. Iléṣà ni màmá mi ń gbé, wọ́n sì ti dàgbà. Mo fẹ́ gba ìtàn ilé wa sílẹ̀ lẹ́nu wọn fún àwọn ọmọ mi, kí n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ tètè gbà á sílẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ti gbogbo mọ̀lẹ́bí yẹn ni kí ẹ ní sùúrù sí.

London là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ló máa ń pe màmá mi ní Iléṣà, tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà náà. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bí màmá bá ti bọ́ sínú Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, èmi ni mo máa ń là á yé e. Màmá á sọ bí bàbá wọn ṣe ṣe òṣómàáló, bó ṣe ń ta aṣọ láwìn kiri, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi rówó rẹ̀ gbà. Ọmọ yẹn á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, màmá ń bó ẹ̀gúsí, ẹ ó máa gbọ́ ìró èèpo rẹ̀ lábẹ́ ohùn wọn. Wọ́n ní ìyá tó bí bàbá àwọn kì í ṣe ọmọ Iléṣà. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú lásìkò ogun Kírìjì, tí àwa àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà láti 1877 títí di 1893, tí Ògèdèngbé ṣíwájú àwọn ọmọ ogun wa. Inú agbo ilé wọn ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló lọ́kọ. Títí ó fi darúgbó, bó bá ń gúnyán, orin ìlú rẹ̀ ló máa ń kọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì mọ ohun tó ń wí.

Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ mi ti fi ohùn náà sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí.

Ilé dàrú. Bàbá kan ní ṣé ọmọ ẹrú la fẹ́ máa pe àwọn lójú ayé ni. Ẹlòmíì ní torí ilẹ̀ tí wọ́n ń pín lọ́wọ́ la ṣe gbé e síta. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dá sílẹ̀ nídìí ilẹ̀ àti oyè nílé. Àwọn kan lọ ká màmá mọ́lé, wọ́n ń pariwo mọ́ àgbàlagbà. Láti ìgbà náà, bí a bá pè, màmá á kí wa, á wúre fún wa, á béèrè ohun tí a jẹ. Bó bá ti kan ìtàn, wọ́n á ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀." A ò tíì bi wọ́n léèrè orúkọ ìlú tí wọ́n ti mú ìyá náà wá.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún mi pé ọmọ mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó ń wá orírun rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì kò ṣẹ̀. Inú agbo ilé lọmọ ti ń mọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé sọ láwùjọ àti èyí tó jẹ́ ti kọ̀rọ̀ yàrá, àwa òbí la sì kó wọn jìnnà sí agbo ilé. Ibẹ̀ ló ń dùn mí. Kò pe màmá fúnra rẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbé fóònù fún un, á ní "Ẹ káàárọ̀, mà", á dá a padà fún mi.

Ẹ wá ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò yín kan nílé tó gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, kó lọ jókòó ti màmá, kó gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan lọ́wọ́. Lórí fídíò, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ló máa gba gbogbo àsìkò. Oríkì ni kó kọ́kọ́ béèrè. Inú oríkì lẹ ó ti gbọ́ orúkọ àwọn tí ẹ ó tún béèrè nípa wọn. Lórí ìtàn kọ̀ọ̀kan, kó bi màmá pé ta ni kó gbọ́ ọ. Bí a ṣe ń pín in fún mọ̀lẹ́bí láìdá ìjà sílẹ̀, mi ò tíì rí ọgbọ́n rẹ̀ dá, ẹ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ ná. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń lọ sí Iléṣà lóṣù Kejìlá, ẹ ti máa bẹ̀ ẹ́ láti ìsinsìnyí.