Ṣé àbùlà ni wáìnì Bordeaux tí wọ́n fi èso àjàrà mẹ́ta ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ra páálí wáìnì pupa Bordeaux kan sílẹ̀ de ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yìn ìgò ni mo ti kà á pé Merlot, Cabernet Sauvignon àti Cabernet Franc ni wọ́n pò pọ̀. Àbúrò mi ní ojúlówó wáìnì kì í ju èso kan lọ, pé àjẹkù èso ni wọ́n kó jọ, àbùlà ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n kó o sí fíríìjì kí àlejò tó dé?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá páálí yín padà. Ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, wáìnì pupa tí wọ́n fi èso kan ṣoṣo ṣe gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Ó jọ pé àgbègbè Burgundy, ní Faransé kan náà, ni àbúrò yín ń rò. Níbẹ̀, Pinot Noir nìkan ni wọ́n sábà fi ń ṣe pupa.

Ojú ọjọ́ ló kọ́ àwọn ará Bordeaux ní ọgbọ́n yìí. Wọn ò jìnnà sí òkun Àtìláńtíìkì, òjò àti òtútù ibẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Merlot máa ń tètè rúwé, ó sì máa ń tètè pọ́n. Bí ìrì dídì bá bọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, bó ti ṣẹlẹ̀ ní 2017, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Cabernet Sauvignon ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, òjò ìgbà ìkórè sì lè ká a mọ́ orí igi. Ẹni tó gbin méjèèjì, bí ọ̀kan bá já a kulẹ̀, èkejì á gbà á sílẹ̀. Ilẹ̀ náà tún dá sí i: nínú Bordeaux yìí kan náà, òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Médoc máa ń gba ooru oòrùn pamọ́ fún Cabernet Sauvignon, nígbà tí ilẹ̀ amọ̀ tútù ti Pomerol bá Merlot lára mu.

Ní ti adùn, Merlot rọ̀ lẹ́nu, ó sì kún. Cabernet Sauvignon kéré ní hóró, èèpo rẹ̀ nípọn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fún ẹnu bí obì. Ohun tó ń fún ẹnu yẹn náà ló ń jẹ́ kí ìgò lè pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Òórùn dídùn ni Cabernet Franc máa ń mú wá ní tirẹ̀. (Ní 1997, àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Davis fi DNA hàn pé Cabernet Franc àti Sauvignon Blanc, èso àjàrà funfun kan, ló bí Cabernet Sauvignon. Òbí àti ọmọ ló jọ wà nínú ìgò yín.)

Ọ̀rọ̀ àjẹkù yẹn kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe èso kọ̀ọ̀kan lọ́tí. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa tọ́ ọ wò, wọ́n á máa pò ó díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá wọn lẹ́nu mu. Èyí tí kò bá tó ojú ìwọ̀n, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún wáìnì tó rẹlẹ̀ sí i. Ẹ sì sọ fún àbúrò yín pé ìgò tí wọ́n kọ Merlot nìkan sí lára ní Yúróòpù, òfin gbà kí 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ èso mìíràn.

Ooru ló yẹ kó kọ yín lóminú. Wọ́n ní kí á mu pupa ní ìwọ̀n yàrá, àmọ́ yàrá ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ní lọ́kàn, ìyẹn 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Abẹ́òkúta kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kó o sí fíríìjì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Má ṣe kó o sí fírísà, torí bó bá tutù jù, á túbọ̀ máa fún ẹnu. Títí dọjọ́ náà, ẹ dá ìgò dùbúlẹ̀ sí yàrá tó ṣókùnkùn jù, kì í ṣe ilé ìdáná tàbí bùùtù ọkọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò bóyá wọ́n kọ ìwọ̀n èso kọ̀ọ̀kan. Bí Merlot bá pọ̀ jù, ẹ máa fi bá àsun lọ láìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ Cabernet Sauvignon ló pọ̀ jù, ata á mú un le lẹ́nu, ẹran yíyan tí ata rẹ̀ ò pọ̀ ló dáa fún un. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì ní wákàtí kan ṣáájú. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e padà, ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.