Ìbéèrè: Báwo ni ìwé tí mo tẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ṣe máa dé Amẹ́ríkà àti London?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìtòkú níbí ni mo dàgbà sí. Mo kọ ìwé kan lórí àdìrẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ àmọ́ orúkọ bátànì àti orin inú ẹ̀, Yorùbá ni. Owó ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ ní Sápọ̀n, ó ṣì kù rẹpẹtẹ nílé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Peckham ń bèèrè ẹ̀, àmọ́ owó tí wọ́n pè láti gbé ẹyọ kan lọ ju owó ìwé gan-an lọ. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ káàsán ma, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má gbé ìwé yẹn lọ síbì kankan o. Èyí tó kù nílé, ibí ni kẹ́ẹ ti tà á, lọ́dọ̀ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú fúnra wọn, torí àlejò tó wá ra aṣọ ló máa ń fẹ́ nǹkan tó máa ṣàlàyé aṣọ náà fún un. Fáìlì ló máa sọdá òkun. Ẹ máa gbé e sórí KDP, ìyẹn ẹ̀ka Amazon tó wà fáwọn tó ń tẹ ìwé ara wọn, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́nì kan bá ti ra ẹyọ kan ní Houston, lọ́hùn-ún ni wọ́n á ti tẹ ẹyọ yẹn tí wọ́n á gbé e lọ bá a, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Peckham, kò sí wébíìlì, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sí pé ẹ ń wá ẹni tó ń rìnrìn-àjò tí á bá yín ki mẹ́ta bọ báàgì.

Ó dáa tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ ọ́, torí Yorùbá ò sí lára èdè tí KDP ń gbà. Ó ń bí mi nínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni iye tẹ́ẹ máa tà á. Ká ní ojú ewé 200 ni, dúdú-àti-funfun, owó títẹ̀ ẹyọ kan ní Amẹ́ríkà jẹ́ $3.40. Tẹ́ẹ bá pè é ní $12, ìdá 60 nínú 100 ni tiyín, ìyẹn $7.20, ẹ yọ owó títẹ̀ kúrò, ó ku $3.80. Tẹ́ẹ bá wá ní ẹ fẹ́ ṣàánú àwọn èèyàn, tẹ́ẹ pè é ní $9, ìdá 50 ni wọ́n máa fún yín (láti June 2025 ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé tí owó ẹ̀ ò tó $9.99), $4.50 nìyẹn, ẹ yọ owó títẹ̀, ó ku $1.10. Ẹ wò ó, $3 lẹ dín, $2.70 nínú ẹ̀ ló ti àpò yín jáde.

Kọ́lọ̀ náà ńkọ́, ìyẹn títẹ̀ ẹ́ láwọ̀? Bí ojú ewé mélòó kan péré bá ní kọ́lọ̀, gbogbo ìwé ni wọ́n máa ka owó kọ́lọ̀ lé lórí. Lójú tèmi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ò nílò ẹ̀, aró ṣú, bátànì funfun, àwọn bátànì bí Ìbàdàndùn àti Olókun á hàn kedere ní dúdú-àti-funfun tí fọ́tò bá ti mọ́. Ẹ jẹ́ kí kọ́lọ̀ wà lára èèpo ìwé.

Ohun tó máa ń ba irú ìwé yìí jẹ́ ni fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi to ìwé. Ẹ máa rí i lórí kọ̀ǹpútà pé ẹ̀ àti ọ́ dúró dáadáa, tó bá wá dé inú ìwé, àmì ti fò lọ síbòmíì tàbí kó di àpótí kékeré. Ẹ ní kẹ́ni tó ń bá yín to ìwé lo Charis SIL tàbí Gentium, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì, kó sì rí i pé fọ́ǹtì wà nínú PDF náà fúnra ẹ̀.

ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, ẹ má gba ọ̀fẹ́ tí KDP máa fi lọ̀ yín, torí kò ṣeé lò níbòmíì. Ẹ gba tiyín lọ́dọ̀ National Library of Nigeria, 978-978 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ìwọ̀n ìwé bá yàtọ̀ sí ti Sápọ̀n, ẹ gba nọ́ńbà tuntun. Ẹ máa nílò ẹ̀ tẹ́ẹ bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ìwé àti láíbìrì lè bèèrè ẹ̀ nípasẹ̀ IngramSpark, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń tẹ ìwé tó sì ń pín in fún wọn, àmọ́ ẹ má gbà fún wọn pé ìwé tí ò bá tà lè padà, ẹ̀yin ni wọ́n máa yọ owó ẹ̀ lára yín.

Ní ti owó, Nàìjíríà ò ní àdéhùn tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà ìdá 30 ni wọ́n máa yọ nínú èrè ìwé tó bá tà ní Amẹ́ríkà: $3.80 yẹn á di $2.66. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé níbí ń fi Payoneer, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó láti òkè òkun, gbà á, ó sì máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn oṣù tí wọ́n ra ìwé. Àwọn kan á ní kọ́mọ wọn lọ́hùn-ún ṣí àkáǹtì náà lórúkọ ara ẹ̀. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ ma, orúkọ ọmọ ni owó náà máa wà, ọmọ náà nìjọba wọn á bi léèrè tẹ́ẹ̀sì, àárín ẹbí ò sì nílò irú ẹ̀.

Kẹ́ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ẹ ra ẹ̀dà àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Houston, kó ya ojú ewé tí orin wà àti èyí tí Olókun wà, kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ jókòó tì í, kẹ́ẹ ka àmì orí ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan.