Kí ni "ìránṣẹ́ yín tó rẹlẹ̀ jù lọ" ń wá nísàlẹ̀ lẹ́tà àwọn ọlọ́lá Amẹ́ríkà àtijọ́?

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi bí mi nínú díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ béèrè ni mo ń bínú sí o, àlàyé tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe fún yín ni. Ẹ ní olùkọ́ kan sọ fún yín pé gbólóhùn náà, "Your most obedient humble servant" (ìránṣẹ́ yín tó gbọ́ràn jù lọ, tó sì rẹlẹ̀), tí àwọn onílẹ̀ àti olóko ńláńlá Amẹ́ríkà máa ń kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní nǹkan bí àádọ́ta lé nígba ọdún sẹ́yìn, ń fi hàn pé onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni wọ́n, pé wọ́n ka ara wọn sí ẹrú ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí, àti pé ẹ̀sìn Kristẹni ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó sọ ọ́ ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà, kò ka òkè rẹ̀, kò sì ka àárín.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí àwọn baba wa ti sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí bú alágàbàgebè, bí ẹni pé ohun tó ń sọ ni pé ìdọ̀bálẹ̀ kò wúlò rárá. Ẹ̀gbẹ́ kan péré nínú òwe náà nìyẹn. Ẹ wo ọkùnrin tó ń lọ sílé àna tí kò fẹ́ràn rẹ̀, tí òun náà kò sì fẹ́ràn: gbalaja ni yóò na ara rẹ̀ sílẹ̀, àyà á kan ilẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú agbo tí yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé ìfẹ́ ló dà á dé ibẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà tó jókòó ń wò ni bí ó ṣe dọ̀bálẹ̀ tó. Ṣé àyà kan ilẹ̀ ni, àbí ìka ọwọ́ nìkan ló fi kanlẹ̀, àbí ó kàn tẹ orí ba lásán bí ẹni tí ọrùn ń dùn? Ìdọ̀bálẹ̀ kò sọ ohun tó wà nínú ẹni, ṣùgbọ́n ó sọ ibi tí ẹni náà gbà pé òun dúró sí lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń kí, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà yóò kà á. Bí mo ṣe ń ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà àwọn ará Virginia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, nìyẹn láti nǹkan bí ogún ọdún, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Lẹ́tà méjì kan wà tí mo fi máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù Keje ọdún 1755, àwọn ọmọ ogun Faransé àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ fọ́ ogun Ọ̀gágun Braddock ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bàá odò Monongahela, George Washington, ọmọ Virginia tó padà di ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, sì wà lójú ogun náà nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 23. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù yẹn, ó jókòó ní Fort Cumberland, ó kọ ìwé sí ìyá rẹ̀, ó sì kọ òmíràn sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, John Augustine. Ìròyìn kan náà ló wà nínú méjèèjì: ọta mẹ́rin gba inú kóòtù rẹ̀ kọjá, wọ́n yìnbọn lu ẹṣin méjì mọ́ ọn nídìí, síbẹ̀ kò fara pa. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ sí ìyá ní "ìyá ọlọ́lá" lórí, ó to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún olórí, ó sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó mọ ojúṣe rẹ̀. Èyí tó kọ sí àbúrò, àwàdà ló fi bẹ̀rẹ̀: ó ní òun ti gbọ́ ìròyìn ikú òun, àti ọ̀rọ̀ ìdágbére tí òun sọ kí òun tó kú, òun sì yára kọ̀wé kí òun lè já méjèèjì nírọ́.

Ibí yìí gan-an ni mo dúró lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti sọ "ìwọ" àti "ẹ" di ọ̀kan náà nígbà yẹn, tó fi jẹ́ pé bí Washington bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tó fi ń pe àbúrò ni yóò fi pè é. Ohun tí àwa ń fi "ẹ" ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin, àwọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe é ju òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà lọ. Fún ìdí èyí ni wọ́n ṣe di gbogbo ọ̀wọ̀ náà jọ sí etí ìwé. Kódà ní ọdún 1787, nígbà tó fi gíní 15, owó wúrà Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ sí ìyá yìí kan náà, tó ní gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ òun nìyẹn, tí lẹ́tà náà sì kún fún ẹjọ́ owó, ọ̀wọ̀ òkè ìwé kò kúrò níbẹ̀. Ta ni kò tíì bá ìyá rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú "ẹ" lẹ́nu rí?

Ọ̀rọ̀ òwò ni àlàyé olùkọ́ yẹn ti bà jẹ́ jù. Olóko Virginia a máa di tábà sínú àgbá ńláńlá, a sì kó o sọ́kọ̀ òkun lọ bá oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò yìí ni yóò bá a tà á, yóò yọ làádà tirẹ̀, yóò sì fi ìyókù ra aṣọ, bàtà, àwo, ìwé àti irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí i; bí owó tábà kò bá tó, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, wọn a sì máa fi ẹ̀dà lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọ̀kan bá rì kí èkejì lè débẹ̀. Nígbà tí Washington gbé Martha Custis, opó olówó, níyàwó ní oṣù Kìíní ọdún 1759, kò pẹ́ tó fi kọ̀wé sí Robert Cary àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó sínú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa darí gbogbo lẹ́tà tó bá jẹ mọ́ ogún ọkọ tó kú náà sí òun. Ní ọdún 1760, ó ń bá wọn jà pé ọjà tí wọ́n ń rà ránṣẹ́ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, pé àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn baba ńlá àtayébáyé nìkan ló lè lò. Nígbà tó fi máa di ọdún 1764, ó ti jẹ wọ́n ní nǹkan bí 1,800 pọ́n-ùn. Ó ṣàlàyé pé oko ni kò ṣe dáadáa, kì í ṣe ìwàkíwà òun, ó sì fi kún un pé ìnira ni fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ jẹ́ òmìnira kí gbèsè dè é mọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ ìbínú àti gbèsè wọ̀nyí, "ìránṣẹ́ yín" náà ni.

Ẹrú wo ló ń kọ̀wé sí olúwa rẹ̀ pé aṣọ tó rà fún òun ti gbó láṣà? Bí ẹ bá ní dandan ni kí n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan túmọ̀ ipò olóko yìí, ìwọ̀fà ni mo máa sọ. Ọmọ bíbí ni ìwọ̀fà. Ó ní ilé tirẹ̀, ó ní aya, ó lè bá ẹni tó yá a lówó ṣe asọ̀, kò sì sí ẹni tó lè tà á. Ṣùgbọ́n títí tí owó yóò fi pé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ní onílé mìíràn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo ń fi ojú wa wo ohun olóhun. Kí wọ́n ka ohun tí Thomas Jefferson, olóko Virginia tí gbèsè irú èyí wà lọ́rùn òun náà, kọ ní ọdún 1786. Ó ní gbèsè yìí ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ti ọmọ láti ìran dé ìran, tó fi jẹ́ pé àwọn olóko di dúkìá tí wọ́n so mọ́ àwọn ilé òwò Lọ́ńdọ̀nù. Washington tètè wá ọ̀nà àbájáde: láàárín àwọn ọdún 1760 ló pa tábà tì ní Mount Vernon, oko rẹ̀, tó kọjú sí ọkà wíìtì.

Ti Aaron Burr àti Alexander Hamilton, olóṣèlú Amẹ́ríkà méjì tó jẹ́ ọ̀tá ara wọn, kò ní gbà wá lákòókò. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ síra wọn ní oṣù Kẹfà ọdún 1804, "ìránṣẹ́ yín" ló ń parí rẹ̀, Burr sì yìnbọn pa Hamilton ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Benjamin Franklin, tó kọ̀wé sí William Strahan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1775, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọ̀rẹ́ ni àwọn fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n "ọ̀tá mi ni ọ́ báyìí, èmi náà sì ni tìrẹ". "Tìrẹ" tí ọ̀rẹ́ fi ń dágbére fún ọ̀rẹ́ nísàlẹ̀ ìwé ló yí padà di "ọ̀tá tìrẹ". Kò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí kì í jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1766, Washington kọ̀wé sí ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan tó ń lọ sí àwọn erékùṣù Karibíà. Ó ní ọkùnrin dúdú kan ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé yìí, Tom ni orúkọ rẹ̀. Oníjàgídíjàgan tó máa ń sá lọ ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le, ó sì mọ ọkọ́ lò. Kí ọ̀gá ọkọ̀ jọ̀wọ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é títí wọn yóò fi wọ agbami, kó tà á ní iyekíye tó bá pa, kó sì fi owó rẹ̀ ra àgbá oyin ìrèké kan, àgbá ọtí ìrèké kan, ọsàn wẹ́wẹ́, àjàgbọn àti àwọn nǹkan dídùn bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fọwọ́ sí i: ìránṣẹ́ yín tó rẹlẹ̀, George Washington. Ẹni tó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn sí "ẹrú yín", kí ló fẹ́ pe Tom?

Ẹ má bínú pé mo gbóná. Gbólóhùn yìí kò jìnnà sí wa: àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn ní Èkó àti Ìbàdàn fi parí lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dà irú rẹ̀ sì wà nínú àpótí bàbá mi, níbi tó ti pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ àwọn ènìyàn tó ń fi gbogbo ẹnu bú nílé. Òun mọ ohun tó ń ṣe. Lónìí, ọmọ tó fẹ́ tọrọ owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ mi yóò fi "hi" ránṣẹ́ lórí WhatsApp, yóò sì dákẹ́, n kò sì ní mọ̀ bóyá èmi ni bàbá, ẹ̀gbọ́n, tàbí báńkì.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ìyàwó. Martha Washington dáná sun lẹ́tà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ síra wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì bọ́, méjì nínú wọn láti oṣù Kẹfà ọdún 1775, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń lọ gba ipò olórí ogun Amẹ́ríkà tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Èyí tó kẹ́yìn nínú méjèèjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó kúrò ní Philadelphia ló kọ ọ́. Ó ní òun kò lè lọ láìfi ìlà kan ránṣẹ́ sí i, pé ìgbà tàbí ọ̀nà jíjìn kò lè yí ìfẹ́ òun padà. Nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kí ìránṣẹ́ àti ìgbọràn wà, "tìrẹ pátápátá" ló kọ síbẹ̀, ó sì mú ọ̀nà Boston pọ̀n.