Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti sípánà wo ló yẹ kí n rà fún hot rod mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń to hot rod kan pọ̀, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí a tún ṣe kó lè sáré. Ara rẹ̀ jẹ́ ti Ford 1932, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ Chevrolet V8 350. Àpótí irinṣẹ́ onímìlímítà ni mo ní. Bóòtù mẹ́ta lorí wọn ti jẹ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń tú manifold (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tàbí tí èéfín ń gbà jáde): sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 kò wọ̀ ọ́, 15 sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Kí ni kí n rà gan-an? Ṣé onígun mẹ́fà ni àbí onígun méjìlá?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Bóòtù tí 14 kò wọ̀, tí 15 sì ń yọ̀ lórí rẹ̀, 9/16 ínǹṣì ni. Mìlímítà 14.29 nìyẹn, kò sì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì onímìlímítà kankan tó bá a mu. Ẹ́ńjìnnì yín wà lára ìdílé small-block (V8 tí ara rẹ̀ kéré) tí Chevrolet gbé jáde ní 1955, ínǹṣì ni wọ́n fi ṣe bóòtù rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wo iye irinṣẹ́ tó wà nínú àpótí tí wọ́n ń tà. Bóòtù tó wà lára ọkọ̀ yín ni kó sọ ohun tí ẹ máa rà.

Ìwọ̀n mẹ́rin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ orí ẹ́ńjìnnì náà. 7/16 ń tú ìdérí fáàfù àti ìdérí timing (èyí tó bo ṣéènì iwájú ẹ́ńjìnnì). 1/2 àti 7/16 náà jọ ń ṣiṣẹ́ lára abọ́ ọ́ìlì, torí pé oríṣi bóòtù méjì ló wà níbẹ̀. 9/16 ló ń tú intake (manifold afẹ́fẹ́), exhaust manifold (ti èéfín), pọ́ńpù omi, stata, bóòtù tó so gíàbọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì, àti nọ́ọ̀tì connecting rod (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ crankshaft). 5/8 wà fún bóòtù hẹ́ẹ̀dì, bóòtù main (tó di crankshaft mú) àti nọ́ọ̀tì rocker (apá tó ń tẹ fáàfù). Pílọ́ọ̀gì hẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ń fẹ́ 13/16, ti hẹ́ẹ̀dì tó dé lẹ́yìn wọn ń fẹ́ 5/8. Ẹ fi 3/8, 11/16, 3/4 àti 7/8 kún un fún abẹ́ ọkọ̀ àti táyà. 9/16 ni kí ẹ ra mẹ́ta rẹ̀: kúkúrú, gígùn, àti èyí tó ní oríkèé tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, torí bóòtù manifold tó wà lẹ́yìn páìpù kò ní jẹ́ kí tààrà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní mìlímítà lè rọ́pò ínǹṣì. Ó rí bẹ́ẹ̀ níbì kan, kò rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. 3/4 jẹ́ 19.05, 5/8 jẹ́ 15.88, 5/16 jẹ́ 7.94, torí náà 19, 16 àti 8 sún mọ́ wọn gan-an. Ṣùgbọ́n 1/2 jẹ́ 12.7 péré, bí ẹ bá sì fi 13 tú u, ó máa dà bíi pé ó bá a mu títí ẹ ó fi fi agbára sí i. Ibẹ̀ ni igun rẹ̀ ti máa ń jẹ.

Lórí onígun mẹ́fà àti méjìlá: ẹ ra onígun mẹ́fà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ń gbá ojú pẹlẹbẹ orí bóòtù mú, agbára yín á sì tàn ká. Onígun méjìlá ń sún mọ́ igun, bí bóòtù bá ti dípẹtà tàbí tí wọ́n ti kùn ún lọ́dà, igun náà ló kọ́kọ́ ń yọ́. Ibi méjì ni mo gbà pé onígun méjìlá ti yẹ: orí bóòtù tí òun fúnra rẹ̀ ní igun méjìlá, èyí tó wọ́pọ̀ lára bóòtù header (páìpù èéfín tí a fi ń rọ́pò exhaust manifold), àti sípánà olórùka ní ibi tó há, tí ọwọ́ kò ti lè yí ju díẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń to hot rod máa ń bá pàdé ju àwọn mìíràn lọ: bóòtù tí wọ́n fi kírómù bò, tí orí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ wo inú ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ó rí i pé wọ́n pọ́n etí rẹ̀ ní dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó lè tètè wọlé. Lórí bóòtù tí orí rẹ̀ ga, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Lórí èyí tó fẹ́lẹ́, apá tó ń di bóòtù mú kò pọ̀ mọ́, ó sì máa yọ, yóò ha kírómù náà. Ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì 7/16 àti 9/16 kan sọ́tọ̀, ẹ rin ẹnu wọn lórí òkúta ìpọ́n títí tí ojú náà á fi tẹ́jú pátápátá, kí ẹ máa fi omi tútù sí i kí irin má bàa gbóná kó sì sọ agbára nù. Ẹ lẹ téèpù fẹ́lẹ́ kan sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń de kírómù. Fún nọ́ọ̀tì táyà tó wà lórí alumíníọ̀mù, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà bò níta ni kí ẹ lò.

Lára sípánà, èyí tó ní òrùka lápá kan àti ẹnu tó ṣí lápá kejì tó ohun gbogbo, láti 3/8 dé 7/8. Òrùka ni kí ẹ fi kọ́kọ́ tú, ẹnu tó ṣí ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Èyí tó ní ratchet nínú (eyín tó ń jẹ́ kó yí sápá kan ṣoṣo) kì í ṣe fún bóòtù tó ti gan. Eyín inú rẹ̀ kéré, ó lè fọ́. Ẹ sì máa fà á wá sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má tì í, bó bá yọ lójijì, ẹ̀yìn ọwọ́ yín ló máa lọ gba irin.

Páìpù bíréèkì kò gbọ́dọ̀ fara kan ẹnu tó ṣí rárá. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ rọ̀, ihò sì wà láàárín rẹ̀, ó máa ń kán sínú. Sípánà flare nut, tó dà bí òrùka tí wọ́n gé ẹnu sí, ló di ojú rẹ̀ mú dáadáa. Páìpù 3/16 ń lo 3/8, páìpù 1/4 ń lo 7/16. Nọ́ọ̀tì páìpù epo oní AN (irú ìsopọ̀ páìpù kan) tí a fi alumíníọ̀mù ṣe ń fẹ́ sípánà tiẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ dán: AN 6 jẹ́ 11/16, AN 8 jẹ́ 7/8.

Torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń de bóòtù, ńkọ́? Ẹ má ra ẹyọ kan ṣoṣo kó ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tó ń lọ dé 150 lb-ft (ìwọ̀n agbára ìyí) kò ṣeé gbà gbọ́ lábẹ́ nǹkan bí 30. Bóòtù hẹ́ẹ̀dì yín fẹ́ 65, rod fẹ́ 45, intake fẹ́ 30, ṣùgbọ́n ìdérí fáàfù fẹ́ nǹkan bí 50 in-lb péré, ìwọ̀n tó kéré sí lb-ft. Òmíràn kékeré, oní in-lb, ló wà fún ìyẹn. Bóòtù hẹ́ẹ̀dì wọ̀nyí ń wọ inú omi ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ fi oje tó ń dí ojú jíjò (sealant) sí tíréèdì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa jò. Bí ẹ bá fi crowfoot (orí sípánà tí a ń fi kún un) sí ẹnu torque wrench lọ́nà tí yóò fi gùn sí i, ìwọ̀n yóò yí padà: fún 30 lb-ft, lórí ọwọ́ tó gùn ní 15 ínǹṣì pẹ̀lú crowfoot tó fi 1.5 kún un, 27 ni kí ẹ gbé e sí. Bí ẹ bá gbé crowfoot náà sí igun 90, ẹ ò ní yí nǹkan kan padà.

Ẹ má sọ àpótí onímìlímítà yín nù. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì LS (V8 tuntun tó dé lẹ́yìn small-block yín) sí i lọ́jọ́ iwájú, 8, 10, 13 àti 15 ló máa béèrè, ó sì ṣeé ṣe kí bóòtù gíàbọ́ọ̀sì tí ẹ bá rà yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Orí bóòtù ń sọ fún wa: ìlà mẹ́ta túmọ̀ sí Grade 5, ìlà mẹ́fà Grade 8, ínǹṣì ni àwọn méjèèjì. Nọ́mbà bíi 8.8 tàbí 10.9 jẹ́ ti mìlímítà.

Ó ku bóòtù mẹ́ta tí orí wọn ti jẹ. 14 yẹn tí kò wọ̀ ló máa gbà yín báyìí. Ẹ mú 14 onígun mẹ́fà dúdú tó wà fún impact (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbá tú bóòtù), má ṣe lo èyí tí wọ́n fi kírómù bò torí ó lè fọ́. Ẹ ta epo ìtúpẹtà sí tíréèdì lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọ orí bóòtù, ẹ di ọwọ́ gígùn mú, ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ sí apá ìdè, kí ẹ tó tú u.