Dáínò n'Ílọrin kẹ̀? Gbọ́ ohun tójú mi rí ná

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní o ra Subaru WRX, wọ́n ti pààrọ̀ tọ́bò ẹ̀ àti salẹ́ńsà ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, o wá ń wá ibi tí wọ́n á ti gbé e gun dáínò n'Ílọrin (ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń de ọkọ̀ mọ́, kí táyà ẹ̀ máa yí lójú kan kí wọ́n lè wọn agbára ẹ̀), kí wọ́n lè tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe kó bá tọ́bò yẹn mu. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, láti Táíwò dé Gérí Alímì, títí dé Táńkẹ̀, mi ò tíì fojú mi kan dáínò kankan n'ílùú yìí. Àwọn tó wà ni àwọn ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù àti wáyà kan tí wọ́n máa ń kì bọ abẹ́ sítiárìn, wọ́n á ní àwọn á "rímáápù" ẹ̀ fún ẹ, ìyẹn ni pé àwọn á tún fáìlì inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ, láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ irú wọn ni mo ti jẹ ìyà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Golf 5 GTI lèmi ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.0 tó ní tọ́bò, agbára ẹṣin 200 ló gbé kúrò nílé iṣẹ́. Mo pààrọ̀ ibi tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, mo fi dáwùn-páìpù (páìpù salẹ́ńsà tó so mọ́ tọ́bò) tó fẹ̀ sí i, ara mi wá ń yá gágá. Bọ̀bọ́ kan ní òun ní fáìlì "stage 2" tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà, pé epo 91 ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo gbọ́ 91, mo ní ṣebí 91 náà lepo Nàìjíríà, kó máa fi síbẹ̀. Àbúrò, fara balẹ̀ ka ibí yìí dáadáa: 91 tàwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe 91 tiwa. RON àti MON ni òṣùwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń wọn bí epo ṣe lè fara dà á tó kó tó gbiná fúnra ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára pọ́ọ̀ǹpù wọn, wọ́n ro RON pọ̀ mọ́ MON ni, wọ́n wá pín in sí méjì. Tiwa, RON nìkan ni. Tí o bá fi òṣùwọ̀n tiwa wọn 91 tiwọn, ó ń lọ sí bíi 95 tàbí 96. Tí o bá fi òṣùwọ̀n tiwọn wọn tiwa, bíi 87 ló máa jẹ́. Fáìlì tí wọ́n kọ fún epo tó lágbára ni mo ń fi epo tí kò tó nǹkan wà, mi ò sì mọ̀.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí nọ́ńbà epo bá rẹlẹ̀, tí tọ́bò sì ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, tí ooru tún wá pọ̀, apá kan nínú epo yẹn á gbiná fúnra ẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó ràn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á wá máa lu orí písítìn bí ẹní ń fi òòlù lù ú. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ọ, á fa iná sẹ́yìn díẹ̀, ìyẹn ni pé á jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó tanná, kó lè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó lè fà á dé ní òpin.

Oṣù kẹta ni, o ṣáà mọ ooru Ìlọrin lóṣù kẹta. À ń lọ sí Ọ̀ffà fún ìgbéyàwó, a ti kọjá Ìdófìàn, ọ̀nà dá, mo fi gíà kẹta mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó sáré o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo wá ń gbọ́ nǹkan tó ń ṣe ṣẹkẹṣẹkẹ níwájú bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì, ìyàwó mi ní kí nìyẹn, mo ní salẹ́ńsà tuntun ló ń dún bẹ́ẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. A ò tíì rí Àjàṣẹ́ tí èéfín búlúù fi bo gbogbo ẹ̀yìn wa. Okùn ni wọ́n fi fà wá wọlé, èmi pẹ̀lú agbádá aṣọ ẹbí lórí sítiárìn. Nígbà tí wọ́n wọn kọ́ḿpúrẹ́ṣàn ẹ̀ (bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó), mẹ́ta nínú sílíńdà mẹ́rin fún wa ní bíi 165 PSI, sílíńdà nọ́ńbà kẹta nìkan ló ní 40. Wọ́n tú u, etí písítìn tí ríìnì jókòó lé ti kán. Mo padà lọ bá ọmọ náà pé kó dá fáìlì ilé iṣẹ́ padà fún mi, kò tiẹ̀ fi pamọ́, ó ti kọ tiẹ̀ lé e lórí. Wàláhì, mi ò bínú sí i tó bí mo ṣe bínú sí ara mi.

Lẹ́yìn tí mo ra ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ míì ní Ládípọ̀ (iye ẹ̀ ò ṣeé sọ, ìyàwó mi máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ), wọ́n júwe ọ̀gá kan fún mi l'Ékòó tó ní dáínò. Mo pè é, mo ń retí kó dárúkọ owó, ìbéèrè ló ń bi mí. Epo ibo ni mò ń rà, púlọ́ọ̀gì wo ló wà níbẹ̀, ṣé mo ti dán ọ̀sì tọ́bò wò bóyá ó ń jò, èló ni kọ́ḿpúrẹ́ṣàn ẹ̀. Ó wá ní, "Ìgbà wo lẹ wo kámù-fọ́lówà ẹ̀ kẹ́yìn?" Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ife kékeré kan báyìí ni, bí ìdérí ìgò, ó wà láàárín kámúṣáfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) àti pọ́ọ̀ǹpù epo tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń jẹ ẹ́, tó bá sì ti lu, pọ́ọ̀ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kámúṣáfù fúnra ẹ̀. Mo ní kò séwu, ẹ́ńjìnnì tuntun ni. Tókúnbọ̀ tuntun, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi.

Mo wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, bíi 300 kìlómítà. Kó tó gbé e gun ohunkóhun, ó tú bóòtù mẹ́ta, ó yọ fọ́lówà yẹn, ó gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́. Àárín ẹ̀ ti dán bíi dígí, ó kù díẹ̀ kó lu. Ó ní òun ò gbé e gun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọ̀nà jìn, kó kàn rọra ṣe é. Ó ní, "Alhaji, ẹ lọ wá òmíì wá, mi ò ní gba owó yín kí n tún ba ọkọ̀ yín jẹ́." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn sílé àna mi ní Agége kí n tó rí i rà. Ọjọ́ kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ọmọ tó ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ kò bi mí ní ìbéèrè kankan, àfi ìgbà tí owó máa wọlé. Ohun tí mo fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù gidi látìgbà yẹn nìyẹn: ṣé ó lè lé ẹ padà.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an kò gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Wọ́n fi bẹ́líìtì de ọkọ̀ mọ́lẹ̀, fáànù ńlá kọjú sí i, wọ́n ki sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe pò sí inú salẹ́ńsà. Ó kọ́kọ́ ka fáìlì tó wà nínú ọkọ̀, ó dà á sí fláàṣì fún mi. Ó wá sá a ní gíà kẹrin bó ṣe wà, 168. Mo ní 200 ni wọ́n kọ síwèé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní 200 yẹn lára ẹ́ńjìnnì ni, gíà àti táyà á jẹ tiwọn nínú ẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó di 204. Mo ní kó fi díẹ̀ sí i, ó fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà bí iná ṣe ń sá sẹ́yìn tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ní epo yín ò gbà á. Mo ti sọ fún un pé Ìlọrin ni mò ń gbé, kì í ṣe etí òkun, ó tún dín tọ́bò kù lókè nítorí ooru. Inú táǹkì mi náà, epo tí mo rà nílé ni mo gbé lọ, òun ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Tìẹ wá. WRX ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, tí dáínò wọn bá jẹ́ ti táyà méjì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e gun, gíàbọ́ọ̀sì ẹ ló máa gbà á. Bi wọ́n bóyá dáínò wọn lè di ọkọ̀ mú lójú kan, bíi 3,000 RPM, kó máa fa á sẹ́yìn bí ìgbà tó ń gun òkè. Èyí tó kàn ń yí ìlù irin tó wúwo, ó lè sọ agbára ọkọ̀ fún ẹ, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí a máa ń tẹ̀ nínú gosiló Challenge yẹn ò ṣeé tún ṣe lórí ẹ̀ dáadáa. Má sì jẹ́ kí ẹnì kan fi nọ́ńbà tan ẹ́, dáínò kan máa ń lawọ́ ju òmíì lọ. Kí wọ́n sá a kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sá a lẹ́yìn ẹ̀ lórí ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ní òun á bá ẹ ṣe é lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, pẹ̀lú màálù àti tírélà, má dá a lóhùn.

Kó o tó náwó lọ Èkó rárá, wá mẹ́káníìkì tó ní géèjì, kó wọn kọ́ḿpúrẹ́ṣàn ẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó yà wọ́n ní fọ́tò. Etí písítìn Subaru yẹn náà kì í lágbára, ẹni tó sì tà á fún ẹ ò lè sọ fún ẹ irú ìyà tó ti fi jẹ ẹ́. Kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá fún mi ká jọ wò ó.