Power float oníjókòó wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kọngilá ni mí ní Ṣàgámù. Oníbàárà mi kan fẹ́ kí n da ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí tó jẹ́ mítà 20 ní 20, fọ́kílíìfùtì á máa rìn lórí ẹ̀. Mo ti rí power float oníjókòó kan, ẹ̀rọ tí à ń jókòó lé wà, tí abẹ irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ̀ ń dán ojú kọnkéré. Tòkúnbọ̀ ni, agbára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ horsepower 22. Ẹni tó ń tà á ní ìwúwo ẹ̀ máa ń fún omi inú kọnkéré jáde, pé bí a bá ti fọ́n sìmẹ́ńtì gbígbẹ lé e, a lè wà á lórí ilẹ̀ náà láàárín wákàtí kan. Ṣé 22 yẹn tó, àbí kí n wá èyí tó jẹ́ 30?

Ìdáhùn: 22 tó. 30 náà tó. Kò sí èyí tó máa gbà yín nínú wọn tí ẹ bá ṣe ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ó ti kọ́ yín ní ohun tó máa ba iṣẹ́ jẹ́ kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ rárá.

Ọ̀rọ̀ "ó ń fún omi jáde" yìí ni mo fẹ́ bá jà ná, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Tí a bá da kọnkéré tán, tí a ti fa ojú ẹ̀ gún, òkúta àti yanrìn á máa rọra wọlẹ̀, omi tó wà láàárín wọn á sì máa gòkè. Òun lẹ máa ń rí tó ń kọ mànà lójú ilẹ̀. Ó ní àsìkò tó fi ń jáde, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e lọ. Kò sí power float kankan tó ń fún un. Ohun tí ẹ̀rọ tó wúwo ń ṣe tó bá tètè gorí ilẹ̀ ni pé ó ń dí ojú ẹ̀ pa. Omi tó ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀ á wá há sábẹ́ ibi tí ẹ ti dí, atẹ́gùn náà á há síbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ á dán. Oníbàárà á ya fọ́tò, á fi sórí WhatsApp. Tó bá di oṣù díẹ̀ tí fọ́kílíìfùtì ti ń yí lórí ẹ̀, ojú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ fi máa gbá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ibi tó dára á dún kọ́-kọ́, ibi tó ti ṣí lábẹ́ á dún gbọ̀ọ̀, ẹ ó sì mọ ibi tó ń bọ̀ wá ṣí lọ́la.

Sìmẹ́ńtì gbígbẹ tí wọ́n ń fọ́n ńkọ́? Àṣà wa ni, mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá nígbà tí à ń ṣe ilẹ̀ pálọ̀. Pálọ̀ tí wọ́n máa tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, ta ló máa mọ̀? Abẹ́ táyà fọ́kílíìfùtì le ju ìyẹn lọ. Sìmẹ́ńtì yẹn á fa omi ojú ilẹ̀ mu, á di ìpele tín-ínrín kan tí kò ní òkúta, tí kò ní yanrìn, tí omi sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bó bá ń gbẹ, ó máa ń sún kì ju kọnkéré tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú ilẹ̀ fi ń sán wẹ́wẹ́, tí wọ́n á gbá a láàárọ̀, tí eruku á tún ti bò ó kó tó di ọ̀sán. Àwọn kan tún máa ń wọ́n omi sí i kí abẹ lè máa yọ̀. Ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ yín kankan ṣe é.

Ọ̀tọ̀ ni ìyẹ̀fun hardener o, èyí tí iléeṣẹ́ po òkúta líle lúbúlúbú mọ́ sìmẹ́ńtì. Ìyẹn máa ń jẹ́ bíi kílò 3 sí 5 fún ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, omi ojú ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti lọ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má fi tèmi rọ́pò ẹ̀.

Ìgbà wo wá ni kí ẹ gorí ẹ̀? Ẹ wọ bàtà, kí ẹ dúró lórí kọnkéré. Tí ojú ẹsẹ̀ bá jìn tó mìlímítà 6, power float kékeré tí à ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn lè bẹ̀rẹ̀. Oníjókòó ní láti dúró títí ojú ẹsẹ̀ á fi ku bíi mìlímítà 3, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré wọn ló wọ̀n tó kílò 300 láìka ẹni tó jókòó sórí ẹ̀, àwọn ńlá sì ń kọjá 500. Ẹ ò rí i pé ìwúwo tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ fún yín gan-an ló máa mú kí ẹ dúró pẹ́ sí i? Ó lè gba wákàtí mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn, òjò àti irú sìmẹ́ńtì ló máa sọ. Àsìkò ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbẹ ojú ilẹ̀ nígbà tí inú ẹ̀ ṣì rọ̀, bí ògì gbígbóná tó dì lójú nínú abọ́. Ẹ ta nylon tàbí tapólì sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ibi.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi mí ni iye kọnkéré tí ẹ lè dà lóòjọ́. Ilẹ̀ yín tí ó jẹ́ 20 ní 20 yẹn, tó bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, mítà kúbíìkì 60 ni kọnkéré ẹ̀. Tí ẹ bá ra ready-mix, ìyẹn kọnkéré tí iléeṣẹ́ ti pò tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá, ọkọ̀ 10 nìyẹn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbé 6, ẹ sì lè dà á tán lọ́jọ́ kan. Níbẹ̀, oníjókòó á rí iṣẹ́ ṣe. Tó bá jẹ́ míṣà alápòókan lẹ fẹ́ lò, sìmẹ́ńtì tó ń lọ sí i lé ní 350 àpò, ẹ ò sì ní lè da ju bíi mítà kúbíìkì 15 lọ lóòjọ́ bó ti wù kí ẹ sáré tó. Ìdá mẹ́rin ilẹ̀ náà nìyẹn. Kí lẹ fẹ́ fi oníjókòó ṣe nínú ibi tóóró bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ méjì tí à ń rìn tẹ̀ lé, oní-íǹṣì 36, á ṣe é pé. Tí ẹ bá tiẹ̀ ra oníjókòó, ẹ ò lè bọ́ lọ́wọ́ wọn: kò lè dé ẹ̀gbẹ́ ògiri àti ìdí òpó.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, horsepower 22 tó fún orí méjì oní-íǹṣì 36, ìyẹn ibi méjì tí abẹ ti ń yí lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ yẹ orí méjèèjì yẹn wò. Àwọn kan wà tí abẹ ọ̀kan ń wọ àárín abẹ èkejì. Wọn kì í fi ojú ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé àwo irin ńlá, èyí tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ abẹ, sábẹ́ wọn, torí wọ́n á máa gbá ara wọn. Àwọn míì wà tí orí kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè tirẹ̀, wọ́n ń gba àwo irin. Èyí ni mo máa mú fún ilé ìkẹ́rùsí, torí àwo ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú kí abẹ tó wá dán an. Ẹ má sì retí kí ó tún ilẹ̀ tí ẹ ò fà gún ṣe.

Tòkúnbọ̀ náà, ẹ gbé e sókè, kí ẹ wo abẹ́ gíábọ́ọ̀sì bóyá ó ń jo ọ́ìlì. Ẹ tan án lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú: tó bá ń ta sókè, apá abẹ kan ti wọ́ nìyẹn. Kí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, kí ó sì dìde. Tí abẹ bá ṣì ń yí, ẹ má rà á, ó lè gé ẹsẹ̀ èèyàn. Àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì Honda ni mo fara mọ́, mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ tó wà ládùúgbò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Òrùlé àti ògiri ilé ìkẹ́rùsí yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti parí? Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín epo bẹntiróòlù kì í rùn, ó sì ń pa èèyàn nínú ilé tó dí pa. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn.

Mi ò tíì rí ibi iṣẹ́ yín. Bí kọnkéré náà ṣe máa le tó àti irin tó máa wọ inú ẹ̀, ẹnjiníà tó yàwòrán ẹ̀ ni kí ẹ bi. 1:2:4 (sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin) tí a ń pò fún ilé gbígbé kò jọ ohun tí fọ́kílíìfùtì ń fẹ́. Kí ilẹ̀ náà sì wà nínú ọ̀rinrin lábẹ́ nylon fún ọjọ́ 7.

Fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, ní tèmi, ẹ háyà oníjókòó pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n wà. Ẹ fi owó tó bá ṣẹ́ kù kún ti ready-mix.